Ta Ló Tó Ṣèdájọ́ Sítíárìn Inú Eré?

Láàárín àwọn eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé iṣẹ́ òòjọ́ ọmọ ènìyàn, ọ̀wọ́ kan wà tí kò ní ogun nínú, tí kò sì ní eré ìje, tí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é kò ju pé kí ó fi tírélà gbé ẹrù láti ìlú kan, kí ó sì mú un dé ìlú mìíràn láìkọlu ohunkóhun. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Euro Truck Simulator 2, tí ilé-iṣẹ́ SCS Software ní ìlú Prague, ní orílẹ̀-èdè Czech, gbé jáde ní ọdún 2012, tí wọ́n sì fi American Truck Simulator tẹ̀ lé ní 2016. Àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ eré wọ̀nyí dá lórí ìdarí, ìyẹn ni bóyá bí ọkọ̀ inú eré ṣe ń jẹ́ ìpè sítíárìn bá bí tírélà ṣe ń ṣe lójú títì mu. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè ka èyí sí ọ̀rọ̀ eré lásán, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ẹ́ńjìnnì: kí ni a fi ń mọ̀ pé àfarawé jọ ohun tó ń fara wé, ta ni ó sì tó ṣe ìdájọ́ náà?

Plato, amòye ará Gíríìkì, ti gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò ní ohun tó ju 2,300 ọdún sẹ́yìn, ní apá kẹwàá ìwé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Republic, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé ohun tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀ jẹ́ ohun ìdarí: ìjánu ẹṣin. Ó ní ayàwòrán lè ya ìjánu, alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ awọ lè ṣe é, síbẹ̀ ẹni tó ń gun ẹṣin nìkan ni ó mọ bí ìjánu ṣe yẹ kí ó rí. Nínú ètò rẹ̀, ẹni tó ń lo nǹkan ni ó ní ìmọ̀; ẹni tó ṣe é ní ìgbàgbọ́ tó tọ̀nà, nítorí pé ó ń gbọ́ràn sí ẹni tó ń lò ó lẹ́nu; ayàwòrán kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìyàsọ́tọ̀ yìí kò jìnnà sí èyí tí Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀ ṣàlàyé nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1986, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀, nígbà tí ohun tí a gbà láti ẹnu ẹlòmíràn, tàbí láti inú ìwé pàápàá, jẹ́ ìgbàgbọ́ títí a ó fi dán an wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni pé ẹni tó ń ṣe eré tírélà kò bọ́ sí ipò ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́ta tí Plato tò sílẹ̀. Kì í ṣe ayàwòrán, nítorí kò ya nǹkan kan. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ó sì ń di ìjánu mú bí ẹlẹ́ṣin, bẹ́ẹ̀ àwòrán ni ẹṣin náà. Ó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọkọ̀ inú eré ṣe nígbà tí ó yí sítíárìn, nítorí náà a kò lè sọ pé kò ní ìmọ̀ rárá. Ìmọ̀ tí ó ní jẹ́ ti ọkọ̀ inú eré, ohun tí ó sì ń sọ nípa ọkọ̀ ojú títì, bí kò bá tíì wa irú rẹ̀ rí, kò kọjá ìgbàgbọ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kéde pé ìdarí eré kan kò jọ ti gidi, ohun tí ó fi ń wọn eré náà ni àwòrán mìíràn tó wà lọ́kàn rẹ̀, tí ó kó jọ láti inú fíìmù àti láti orí àga èrò nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù tí èyí ń bí ni pé wọ́n ń fi ìnira ṣe òṣùwọ̀n òtítọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi bí ata ṣe ta tó mọ bí ọbẹ̀ ṣe dùn tó. Eré Euro Truck Simulator 2 gba ẹni tó ń ṣe é láàyè láti dín ìdúróṣinṣin ọkọ̀ àti ti tírélà kù, débi pé ọkọ̀ yóò máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo kọ́nà, ọ̀pọ̀ ni ó sì gbà pé bí ó bá ṣe ń fẹ́ ṣubú tó ni ó ṣe jọ ti gidi tó. Ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù fúnra rẹ̀ ta ko èrò yìí. Francis W. Davis, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ Pierce-Arrow ní Amẹ́ríkà, mọ ìyà tí sítíárìn líle fi ń jẹ awakọ̀, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì fi páwà sítíárìn han aráyé ní 1926, ìyẹn ìlànà tí agbára epo tí a fún pọ̀ fi ń bá awakọ̀ yí táyà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń sa ipá wọn láti mú ìnira kúrò, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo yí ọkọ̀ akẹ́rù ìwòyí tó gbé ẹrù rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá ń ráhùn pé sítíárìn eré ti fúyẹ́ jù lè jẹ́ pé òótọ́ gan-an ni ó ń bá jà. Yàtọ̀ sí èyí, ayé tí ènìyàn ti lè yan bí ẹrù yóò ṣe wúwo sí i lára ti jìnnà sí ojú títì, níbi tí ẹrù kò ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ara ènìyàn ni ó tún le jù. Awakọ̀ tírélà kì í fi ojú nìkan wa ọkọ̀. Ìbàdí rẹ̀ lórí àga àti ẹ̀yà inú etí tó ń ṣọ́ bí ara ṣe dúró ń sọ fún un pé ẹrù ti ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà mìíràn kí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó fi hàn án. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pàdánù gbogbo ìròyìn wọ̀nyí, nítorí àga rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Láti dí àlàfo yìí, àwọn tó ń ṣe sítíárìn eré, bí irú Logitech G29, fi ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná mànàmáná sínú rẹ̀, tí yóò máa ta ko ọwọ́, tí yóò sì máa gbọ̀n bí táyà bá gun etí títì. Bẹ́ẹ̀ ni sítíárìn náà kò yí ju ìwọ̀n 900 lọ, ìyẹn ìyípo méjì àbọ̀, nígbà tí ti ọkọ̀ akẹ́rù gidi sábà máa ń tó ìyípo mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Páwà sítíárìn gidi a máa fi púpọ̀ nínú gbígbọ̀n ojú ọ̀nà pamọ́ fún ọwọ́. Sítíárìn eré ń sọ ọ́ fún ọwọ́, nítorí pé ìbàdí tó yẹ kí ó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀. Bí a bá wo ọwọ́ nìkan, irọ́ ni; bí a bá wo gbogbo ara, irọ́ yìí ni ó jẹ́ kí ìròyìn tòótọ́ dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Àfarawé tó kọ̀ láti purọ́ rárá yóò fi ẹni tó ń lò ó sílẹ̀ nínú òkùnkùn. (Ti ẹni tó ń fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà wakọ̀ tún burú ju èyí lọ: bọ́tìnnì kò mọ̀ ju títẹ̀ àti àìtẹ̀, nítorí náà eré náà fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yí táyà, a sì lè bi í pé ta ni awakọ̀ gan-an.)

Síbẹ̀, apá kan wà tí àfarawé kò ti nílò irọ́. Táyà ẹ̀yìn tírélà kì í tọ ipasẹ̀ táyà iwájú. Inú kọ́nà ni ó ń gé, ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ní láti gba ìta kí ó tó yà. Bí ó bá sì ń fi ẹ̀yìn rìn, tí ó fẹ́ kí ìdí tírélà lọ sí ọ̀tún, òsì ni yóò kọ́kọ́ yí sítíárìn sí. Ọ̀rọ̀ gígùn àti igun ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo, igun kò sì yàtọ̀ nínú eré àti lójú ayé. Ẹni tó ti fi ẹ̀yìn gbé tírélà wọ ọgbà ìkẹ́rù nínú eré láìmọye ìgbà ti ní ìmọ̀ tòótọ́ nípa ìbátan yìí. Bí ó bá kan ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ tún yí padà, nítorí pé ìwọ̀n 1 sí 19 ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù inú eré náà. Kìlómítà 19 lójú ayé di ẹyọ kan, a kò sì lè fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ sùúrù tí ọ̀nà tààrà ń béèrè.

Àwọn tó ń ṣe òfin ọkọ̀ òfurufú ti fi ẹlẹ́ṣin Plato sí ipò rẹ̀: kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀rọ àfarawé tí àwọn awakọ̀ òfurufú fi ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń fi í wé ìwọ̀n tí a gbà sílẹ̀ láti ara ọkọ̀ òfurufú náà gan-an, wọ́n sì ń gbé awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ náà jókòó sínú rẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Eré tírélà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan kí ó ní in, nítorí fún ìgbádùn ni a ṣe é. Ẹni tí kò wa tírélà rí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ìdarí eré kan dùn tàbí pé ó sú òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan bóyá ó jọ ti gidi, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún awakọ̀ tó ti gbé ẹrù sórí táyà rí.