OORUN TÍ O LÉ LỌ

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 127:1-2

Ọ̀la ni ìdánwò. Ní yàrá kan ní Bọ́ládé, ọmọ yunifásítì kan ti jẹ obì, ó ti mu kọfí, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń pa dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ na hóró oògùn kan sí i: “Gbé e mì. Wàá kàwé mọ́jú.” Kì í ṣe igbó, kì í ṣe ọtí. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Ìwé ló sì fẹ́ kà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ará mi ọ̀wọ́n, bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀, má fi ìbínú dá a lóhùn.

Oògùn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tí dókítà yẹ̀ wò, tó sì kọ ọ́ fún nítorí pé kò lè fọkàn sí nǹkan, kó lò ó, kó sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ara ọmọ yìí dá. Hóró náà kò fún un ní ìmọ̀, ó kàn bo àárẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Gbèsè ni àárẹ̀ yẹn, èlé sì ń gorí rẹ̀: àyà ń lù kìkì, oorun kọ̀ nígbà tó bá wá a. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ ń to ohun tí a kà pamọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí wọn ń gbóná, tí ohun tí wọ́n ń kà kò yé wọn mọ́. Ó pè é ní brain fag. Àwọn oníṣègùn tó tẹ̀ lé e rí i pé àwọn kan nínú irú wọn ń fi oògùn lé oorun lọ.

Ìwọ òbí, ta ló di ẹrù yìí lé ọmọ lórí? “Ìwọ nìkan la gbójú lé” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tó gbà pé bí òun bá sùn, ayé òun ti bà jẹ́, ti kúrò lẹ́yìn Ọlọ́run tó ń fi oorun fún olùfẹ́ rẹ̀. Hóró oògùn ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára, má bò ó mọ́lẹ̀. Gbàdúrà, kí o sì mú un lọ: ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá ní ẹ̀ka ní Òṣòdì níbí.

Kókó àdúrà: Baba, sọ ẹrù tí a dì lé àwọn ọmọ wa kalẹ̀. Kọ́ wa láti ṣiṣẹ́ lásìkò, kí a sì sùn ní àlàáfíà, ní orúkọ Jésù. Àmín.