Orúkọ Tó Wà Lára Ọkọ̀

 

Bí ẹ bá gba Rye Lane kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí ọkọ̀ van àwọn èèyàn wa: ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe, ẹni tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì láti ilé dé ilé, ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ síbi ìnáwó. Orúkọ iléeṣẹ́ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tún kọ “Alhamdulillah” gàdàgbà sẹ́yìn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Òfin ìpolówó ọjà ti ọdún 2007 nílẹ̀ England pàápàá kò ní ká gbàṣẹ ká tó kọ orúkọ sára ọkọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ pé torí ìpolówó gan-an la ṣe gbé e kalẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí. Ọkùnrin kan ń páàkì jẹ́jẹ́ nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ọkọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dí ẹnu géètì ẹnì kan, fọ́tò ọkọ̀ náà lè dé orí Google kílẹ̀ tó mọ́. Ṣé iṣẹ́ rere ló ṣe, àbí ó kàn ń polówó ọjà? Bó bá jẹ́ ṣekárími ni, ṣé ó ní laádà?

Èmi ò ní kánjú dá a lẹ́bi. Ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé kò ní bi yín léèrè ohun tó wà lọ́kàn yín. Kí ọ̀nà ṣáà ti ṣí. Láti ọdún 1974 ni òfin ti ka gbígbé ọkọ̀ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ léèwọ̀ ní London. Highway Code, ẹsẹ 243, sì ní ká má páàkì síwájú ẹnu ọ̀nà ilé, tàbí síbi tí wọ́n ti rẹ etí títì sílẹ̀ fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa tipẹ́ pé ọ̀nà ní ẹ̀tọ́, pé ara ẹ̀tọ́ náà ni ká má ni ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ wo Súrà Al-Mā'ūn. Àwọn tó ń kírun kí wọ́n lè rí wọn, àwọn náà ni Ọlọ́hun bá wí pé wọ́n ń fi oore kékeré du ọmọnìkejì. Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń wá ojú ayé kì í ka oore kékeré sí, torí kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹ bá páàkì dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ṣoore. Fuḍayl bin ʿIyāḍ, àgbà onímọ̀, sì ti là á yé wa pé kéèyàn pa iṣẹ́ rere tì nítorí èèyàn, ṣekárími nìyẹn náà. Kí onívan máa páàkì rẹ̀ lọ, kó máa tún ọkàn ṣe.

Ọ̀rọ̀ tiwa ló le jù, àwa tí ọkọ̀ wa kò ní orúkọ lára. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Kò sẹ́ni tó lè fi ọkọ̀ mi mọ ibi iṣẹ́ mi. Old Kent Road, níbi tí mọ́sáláṣí àwa ọmọ Nàìjíríà wà, títì onílà pupa ni, kò ṣeé dúró sí bó ṣe wuni. Ojú pópó ẹ̀gbẹ́ ló kù, níbi tí àwọn aládùúgbò ń gbé. Nígbà tí òjò ń rọ̀, tí lèmọ́mù ti wọ ìrun, tí ẹnu géètì kan sì ṣófo, ta ló ń wò yín? Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Láti sààrì di ìṣínu, ẹ lè mu omi ní kọ̀rọ̀, ẹ ò sì mu ún. Ààwẹ̀ yín kò ní sítíkà.

Àwọn kan ní kí onívan tí kò mọ páàkì yọ “Alhamdulillah” kúrò lára ọkọ̀, kó má baà ba ẹ̀sìn lórúkọ jẹ́. Èmi ò gbà. Kó kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀. Bíyẹn bá dùn ún jù, á mọ èyí tó ń dáàbò bò.

Nígbà ayé Ànábì, àwọn Banū Salima fẹ́ kó wá sítòsí mọ́sáláṣí ní Mẹ̀dínà. Ó ní kí wọ́n dúró sílé wọn, pé wọ́n ń kọ ìṣísẹ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó jìnnà díẹ̀, ẹ tètè kúrò nílé, ẹ mú agbòjò dání. Àwọn ọmọ lè máa ka ìṣísẹ̀ lọ́nà.