Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Máàpù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn: ẹni tó bá fi apá kan òtítọ́ sílẹ̀, ṣé ó ti purọ́ nìyẹn? Máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú London ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Máàpù wọn àtijọ́, irú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1908, bí ọ̀nà ṣe rí lórí ilẹ̀ gan-an ló tẹ̀ lé. Ó wọ́, ó lọ́, orúkọ ibùdókọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn láàárín ìlú. Ní 1931, Harry Beck, ayàwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ, ya tiẹ̀. Ìlà tó dúró ṣánṣán, èyí tó sùn gbalaja àti èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló lò. Ó fẹ àárín ìlú lójú, ó fa àwọn ibùdó tó wà lẹ́yìn odi súnmọ́ra. Nínú gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀, odò Thames nìkan ló fi sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1933, tọwọ́tẹsẹ̀ làwọn èrò fi gbà á.

Ṣé òpùrọ́ wá ni Beck? Rárá o. Ẹ wo kọ́ńdọ́ dánfó ní Pedro níbí. Tó bá ń pe èrò, ṣé ó ń ka kìlómítà fún wọn ni? Orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló ń ké, ìyẹn sì tó. Àwọn àgbà ló ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi.

Àmọ́, tí kò bá dénú ẹ̀ ńkọ́? Láti Covent Garden sí Leicester Square kò ju nǹkan bíi mítà 260 lọ, ṣùgbọ́n lórí máàpù, bí ìrìn àwọn tó kù ló rí. Onílùú á fẹsẹ̀ rìn ín. Àlejò á sanwó ọkọ̀.

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Red Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2024 dé Yaba, kò dé Pedro. Àwa tá a mọ àdúgbò mọ ohun tó kù lẹ́yìn Yaba. Ejẹ́ǹtì ilé tó sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ UNILAG pé "Pedro ò jìnnà sí Akoka" kò purọ́. Àmọ́ kò dárúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ Mọ́ńdè, torí kọmíṣọ̀n ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí Beck fi sílẹ̀, nítorí èrò ló ṣe fi í sílẹ̀. Ti ejẹ́ǹtì, nítorí àpò ara ẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n inú rere nìkan ò tó, torí àlejò Covent Garden ṣì sanwó. Ní 2015, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ London tẹ máàpù mìíràn tó kọ iye ìṣẹ́jú téèyàn fi ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdó kan sí èkejì. Wọ́n fi àbọ̀ kejì kún un nìyẹn.

Èrò tèmi ni pé ká má fi ọ̀rẹ́ wa tó mọ̀nà wọn òtítọ́ wa. Àlejò ni ká fi wọ̀n ọ́n. Ìwọ tó ń júwe ọ̀nà fún èèyàn, kọ́kọ́ bi ara ẹ: ṣé ẹni yìí lè fúnra ẹ̀ parí ohun tí mo fi sílẹ̀? Tí kò bá lè parí ẹ̀, sọ odindi fún un.