"Kò Kájú Òṣùwọ̀n": Òṣùwọ̀n Wo?

Gbólóhùn yìí kò wọ́n lẹ́nu wa. Bí a bá ń yan lẹ́mọ́mù tàbí olórí àwọn ọ̀dọ́, bí ọmọkùnrin kan bá wá tọrọ ìyàwó, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi ní, "Èyí kò kájú òṣùwọ̀n." Ẹni tí ó ń wọn gàrí lọ́jà ní kóńgò lọ́wọ́, oníbàárà sì ń wò ó. Àwa ń dá ènìyàn padà láìfi kóńgò kankan han ẹnikẹ́ni.

Jarh ni àwọn onímọ̀ hádíìsì ń pe irú ìdájọ́ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni kí a dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára. Nítorí náà, bí àwọn kan bá ti jẹ́rìí rere sí ẹnìkan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kì í gba jarh lórí rẹ̀ àfi kí ẹni tí ó sọ ọ́ sọ ìdí rẹ̀.

Abu Dharr bẹ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kí ó fi òun sí ipò. Ànábì fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní aláìlágbára ni, àmáànà sì ni ipò. Muslim ni ó gba hádíìsì náà wá. Ẹ kíyè sí i: ojú ara rẹ̀ ni a ti sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ìdí, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Abu Dharr yìí kan náà ni Ànábì yìn fún òtítọ́ sísọ.

Ti ẹlẹ́ṣẹ̀ ńkọ́? Nínú Súrátu Nuur, ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin mímọ́ láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin, 80 ẹgba ni tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Àyà tí ó tẹ̀lé e yọ ẹni tí ó bá ronú pìwàdà sílẹ̀. Abu Hanifa ní ẹ̀rí rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò síbẹ̀. Malik, Shafi'i àti Ahmad ní ó padà. Ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yìí ni ọkàn wa fà sí. Àmọ́ láàrin wa, a rí ọ̀dọ́ tí ó ti fi ìwà àná sílẹ̀, tí a ṣì ń fi àná náà dá a padà, títí ó fi pa mọ́sálásí tì.

Àwọn kan yóò ní, ṣé kí a máa tú àṣírí ènìyàn ni? Rárá o. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tí ó kù fún un, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ó lè padà wá.