Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lójú Agbo

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ìgbà tí wọ́n bá ń pẹ̀tù síjà ni mo sábà máa ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà, àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó dìde lójú agbo ló nílò rẹ̀ jù.

Ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ wa ló là mí lójú. Wọ́n ní kí n bá wọn tọrọ owó tí a ó fi kan òrùlé kíláàsì mẹ́ta. Mo to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: iye páànù, iye pákó, títí dórí ìṣó. Kí n tó dé ojú ewé kejì, ṣíbí ti ń ró nínú abọ́ ìrẹsì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìwé ń bá a gbọ̀n. Mo bá ká ìwé náà, mo kì í bọ àpò. Mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ ìdánwò ìṣirò?” Mo sọ bí omi ṣe ń kán sórí ìwé mi tí íǹkì ń ṣàn lọ, bí tíṣà wa ṣe ṣí agbòòrùn lé mi lórí, tí ẹ̀wù tirẹ̀ rin gbingbin títí agogo fi dún. Mo dákẹ́ síbẹ̀. N kò tíì dárúkọ owó tí ẹnì kan fi pariwo láti ẹ̀yìn pé kí n kọ páànù kíláàsì kan sí òun lọ́rùn.

Ìgbà tí mo jókòó ni mo rí i pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n mọ́. Ìwé lèèyàn ń gbàgbé. Ohun tójú ẹni rí kì í wọ́n lẹ́nu ẹni. Dídákẹ́ yẹn ló le jù o! Ká ní mo fi “ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́” kún un ni, ìrẹsì ni wọn ì bá padà sí.

Kì í ṣe èmi nìkan ni ìtàn kékeré ṣiṣẹ́ fún. Ní Boston, lóṣù Keje ọdún 2004, Barack Obama kò tíì lókìkí nígbà tó dìde níbi àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic. Kó tó kan ọ̀rọ̀ ìṣèjọba, ó ti sọ ti bàbá rẹ̀ tó da ewúrẹ́ ní Kẹ́ńyà. Gbólóhùn péréte ni, ó kọjá. Chimamanda Ngozi Adichie ní tirẹ̀, lórí TED lọ́dún 2009, àṣìṣe ara rẹ̀ ló gbé síta: òṣì nìkan ló mọ̀ mọ́ ilé Fide, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, àfìgbà tó dé abúlé, tí ìyá Fide fi apẹ̀rẹ̀ ìko aláràbarà tí arákùnrin Fide hun hàn án. Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò gbàgbé apẹ̀rẹ̀ yẹn.

Àmọ́ èmi wá ṣàṣejù. Lọ́dún kejì ìpàdé wa yẹn, wọ́n ní kí n tún ìtàn òjò sọ. Àtẹ́wọ́ ti dùn mọ́ mi, mo bá ní òrùlé wó lé wa lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́jọ́ òjò náà gbójú sókè: “Ọ̀rẹ́, òrùlé wo ló wó?” Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn.

Títí dòní, bí mo bá fẹ́ sọ ìtàn yẹn níbikíbi, mo máa ń kọ́kọ́ wojú àwọn èèyàn kiri ná, bóyá ọ̀rẹ́ mi yẹn wà níbẹ̀.