Ìrìn Ìgbafẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Àpà

Bí ẹ bá bi òbí mẹ́wàá ní Ìgándò léèrè ìdí tí wọn kò fi mú àwọn ọmọ wọn rìnrìn ìgbafẹ́ rí, mẹ́sàn-án á dá yín lóhùn pé ilé làwọn ń kọ́. Wọn ò purọ́. Àlímọ̀ṣọ́, tí Ìgándò wà nínú rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ wa ló sì wá síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ lowó wa ká ilẹ̀ nígbà náà. A ra ìdajì pulọ́ọ̀tì, a mọ iyàrá méjì, a kó wọlé láì rẹ́ ògiri, a wá ń kọ́ ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ọdún yìí, fèrèsé. Ọdún tó ń bọ̀, sílìn. Ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ ìgbádùn, a ti sún un di ìgbà tí ilé bá parí. Ọmọ tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún nígbà tí a ń da ìpìlẹ̀ á sì ti máa kọ JAMB nígbà tí a bá ń kan sílìn.

Aránṣọ ni mí. Ọmọ méjì ló kù sílé lọ́dọ̀ èmi àti bàbá wọn, obìnrin ọmọ ọdún 16 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 13. Nígbà tí ìròyìn kàn ní àsàlátù wa pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn nínú họ́lidè, Ìyá Àdínnì wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Ìyá."

"Ta ló ń gbéyàwó?"

"Kò sí, mà. A kàn fẹ́ káwọn ọmọ rí ìlú ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé owó yẹn ò ní ra páànù mélòó kan? Ọlọ́run ò fẹ́ àpà o, ọmọ mi."

Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn gan-an. Òun ló kó obìnrin jọ tí wọ́n wá bá mi pọnmi nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, torí náà mi ò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìbéèrè gidi ló bi mí, ó sì wọ̀ mí lára: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ ná èyí tó ní lórí ìrìn tí kò sí òkú, tí kò sí ìyàwó nínú rẹ̀?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tá a ń gbé agbègbè Ìkọ̀tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ayé Wòlíì T.B. Joshua, ẹni tó di olóògbé lọ́dún 2021, láti South Africa àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ míì làwọn èèyàn ti ń wọ bàálù wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìkọ̀tún-Ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì wa, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ wa. Ìrìn àjò tí wọ́n gbà pé ẹ̀mí wọn nílò ni. Àwọn yẹn fò kọjá ìlú mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Ìdímù kò sì tíì rí Ìbàdàn.

Mo padà lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ àpà ti wá nínú Àlùkùránì, nínú súrà kẹtàdínlógún. Lóòótọ́ ni Ọlọ́run pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá èṣù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun táwọn ààfáà wa kì í sábà ka mọ́ ọn nígbà wáàsí ni ohun tó ṣáájú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọlọ́run kọ́kọ́ pàṣẹ pé ká fún ìbátan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ká fún tálákà, ká fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà, kó tó wá ní ká má ṣe àpà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló tún kìlọ̀ pé ká má di ọwọ́ wa mọ́ ọrùn, ká má sì na án tán pátápátá. Ohun tó yé mi nínú ètò ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ẹ̀tọ́ ni Ọlọ́run fi ṣe òṣùwọ̀n. Kí èèyàn tó pe owó kan ní àpà, ó yẹ kó béèrè pé ẹ̀tọ́ ta ni owó yìí tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Torí náà, kí n tó fọwọ́ kan kóló, mo to ẹ̀tọ́ sílẹ̀. Owó iléèwé tẹ́ọ̀mù tó ń bọ̀, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Owó tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, mo yọ ọ́. Owó tí mo jẹ oníbọ́tìnnì ní Ìyànà-Ìpájà, mo san án. Ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe ti ilé mi. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ná an, mi ò gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀tọ́ kan tún wà tí a kì í kà mọ́ ẹ̀tọ́. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Salman rí i pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Abu Darda ti pa ìyàwó rẹ̀ tì nítorí ààwẹ̀ àti ìrun òru, ó sì sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ó ní òótọ́ ni Salman sọ. Bí ìjọsìn pàápàá ò bá gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀tọ́ ará ilé, kí wá ni ti sílìn? Imaamu Ghazali, tó ti kú láti ọdún 1111, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ńlá lórí ìmúsọjí ìmọ̀ ẹ̀sìn pé kí a jẹ́ kí ọmọ ṣeré tó dára lẹ́yìn tó bá ti kúrò nílé kéwú, torí pé bí a bá fi ẹ̀kọ́ ṣáá há a mọ́, ọkàn rẹ̀ á kú, á sì máa wá ọgbọ́n tí yóò fi sá. Mo mọ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń kú lọ. Mo rí i nínú ọmọkùnrin mi lọ́dún tó kọjá: ó ń dá wa lóhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Aago mẹ́fà ni bàbá rẹ̀ ń jáde torí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìyànà-Ìpájà, ó máa ń tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọlé. Ta ni ọmọ náà fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Àwọn ọmọ la gbé ìṣirò fún. Mo sọ iye owó tó wà fún wọn, láìbo ọ̀kan mọ́ wọn lójú, mo ní kí wọ́n wá ibi tí yóò gbé wa dé. Ìyẹn fúnra rẹ̀ le fún mi, torí pé ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í mọ iye tó wà lápò òbí. Ọmọbìnrin mi ti ń pàtẹnumọ́ etíkun kan ní Lẹ́kí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jókòó ti ìwé, ó ṣírò owó ọkọ̀ láti Ìgándò, owó ìwọlé ẹni mẹ́rin, oúnjẹ ibẹ̀, ó sì rí i pé wákàtí mélòó kan á gbé owó ọjọ́ mẹ́ta lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fa Lẹ́kí nù. Àbúrò rẹ̀ ló ní Ìbàdàn, torí pé ó fẹ́ wọ rélùwéè, tí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbàdàn, sì ń gbé Mọ́kọ́lá níbẹ̀. Bí a bá sùn sílé ẹbí, kò sí owó òtẹ́ẹ̀lì. Níbi yìí, ohun tí ẹ̀sìn fẹ́ àti ohun tí àpò wa gbé wá di ọ̀kan náà: okùn ìbátan tí Ọlọ́run ní ká má já, òun ló fún wa ní ẹní tá a sùn lé.

A wọ kòrópe dé Ẹ̀gbẹ́dá, a wọ òmíràn dé Agége, a ra búrẹ́dì Agége mẹ́rin tó ṣì ń móoru, torí pé a kì í dé ilé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ òfìfo. Ibùdókọ̀ rélùwéè Agége, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Babátúndé Rájí Fáṣọlá, wà lórí ọ̀nà irin tó ti ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn láti oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ìjókòó tówó rẹ̀ kéré jù la gbà. Ọmọkùnrin mi gba ìdí fèrèsé. Láti Abẹ́òkúta lọ, kò wo fóònù mọ́, ó ń bi bàbá rẹ̀ nípa gbogbo igi tó bá rí. Bàbá rẹ̀, ọmọ oko, mọ̀ wọ́n lórúkọ. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ wọ́n. Ọdún mélòó la ti fẹ́ra wa!

Ọmọbìnrin mi ló yíjú sí mi lójijì. "Mọ́mì, ṣé tálákà ni wá?"

Mo rò ó kí n tó dáhùn, torí pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mọ irọ́ yàtọ̀. Mo ní, "A ò lówó tá a lè fi ṣòfò. Àmọ́ a ò jẹ gbèsè lórí ìrìn yìí, ebi ò sì pa wá." Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń ya fọ́tò ibi tí wọ́n bá lọ, òun rò pé àwa ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun ni. Láti ibẹ̀ ọ̀rọ̀ ń jáde títí a fi dé ibùdókọ̀ Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí kò bá mi sọ rí nínú ilé, títí kan pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ti gbà pé yóò kọ́ kò wù ú.

Ìbàdàn kò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ojú jẹ ẹ́. A wọ takisí Micra kiri. A gun òkè Màpó lọ wo gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, a lọ sí ilé ìṣọ́ Bọ́wà ní Òkè Aàrẹ, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936, a sì rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ bí ojú ṣe lè ríran mọ. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni Màmá Ìbàdàn, ìyàwó Bàbá Ìbàdàn, sè fún wa. Ọmọkùnrin mi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bu òmíràn sí i fún òun.

Àmọ́ Dùgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àpà ti padà bá mi. A dúró níwájú Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965, tí wọ́n fi owó kòkó kọ́. Ọmọbìnrin mi ló béèrè lọ́wọ́ Bàbá Ìbàdàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí wọ́n fi owó àgbẹ̀ kọ́ ilé gíga? Ṣé kò yẹ kí wọ́n fi kọ́ iléèwé ni?" Bàbá ní wọ́n kọ́ iléèwé. Ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba yẹn náà ló dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ níhìn-ín lọ́dún 1959, pápá ìṣeré Líbátì sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1960. Bàbá wá ní òun jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti apá Ìdí-Ayunrẹ́, bàbá òun kò sì wọ inú ilé náà rí. "Àmọ́ ó mú mi wá síbí láti oko kí n wá wò ó. Ó ní kí n máa ka àjà rẹ̀. Mo kà á títí ọrùn fi ń dùn mí. Ó ra gúgúrú fún mi, a sì padà lọ. Mi ò rántí ohun tá a jẹ lọ́dún yẹn, mi ò rántí iye tí wọ́n ta kòkó."

Mo ń ro ti àgbẹ̀ yẹn títí di òní. Ọjọ́ iṣẹ́ kan lóko, owó ọkọ̀, owó gúgúrú. Kò sí òkú, kò sí ìyàwó. Ẹni tó rí i á lè sọ pé ó fi ọjọ́ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti di arúgbó, ohun tó di mú lára bàbá rẹ̀ ni ọjọ́ yẹn.

Mo mọ ibi tí àpà wà, torí pé iṣẹ́ mi ló ń jẹ́ kí n rí i. Aṣọ ẹbí ni mò ń rán jù. Mo ti rán léèsì fún obìnrin tó yáwó rà á, tó wọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́ta ní ibi ìsìnkú ẹni tí kò mọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì lé ọmọ rẹ̀ wálé torí owó iléèwé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àpà ní àdúgbò wa. Ìnáwó tí ayé ń wò kì í jọ àpà lójú wa. Èyí tí ọmọ wa nìkan rí ló ń jọ ọ́. Bí ìrìn ìgbafẹ́ náà bá sì di torí kí aládùúgbò lè rí fọ́tò, òun náà ti bọ́ sí ọ̀nà àṣehàn tí Ànábì kìlọ̀ fún wa, ìbáà jẹ́ owó kékeré ló ná wa.

Ẹ̀sìn wa mọ̀ pé èèyàn á rìn. Ó dín ìrun kù fún arìnrìn-àjò, ó gbà á láyè láti sún ààwẹ̀ síwájú, ó fi í sára àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká. Àlùkùránì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ká rìn lórí ilẹ̀, ká wo bí Ọlọ́run ṣe ṣẹ̀dá nǹkan àti bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣáájú wa ṣe rí. Èmi ò rí ibi tó ti ní kó di ìgbà tí a bá parí ilé.

Mo ti sọ èyí fún Ìyá Àdínnì, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Kò tíì gbà fún mi tán, àmọ́ ó ní òun á bá ààfáà sọ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ààfáà àti pásítọ̀ Àlímọ̀ṣọ́ ni pé nígbà tí ẹ bá tún ń wàásù lórí àpà, ẹ ka ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ tó ṣáájú rẹ̀ sí wa létí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti pé ọdún 13, ẹ san ohun tí ẹ jẹ, ẹ fún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ wọn, kí ẹ wá yọ owó àjọ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ gbé ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ náà, kí ẹ sì jọ lọ kí wọ́n tó kúrò nílé yín.