Orúkọ Rere Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ẹ̀mí Ọmọ: Èwo Ni Ó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Dáàbò Bò?

Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá fẹ́ wọlé, àwọn òbí a máa mú ọmọ wọn wá síwájú pẹpẹ, kí a lè gbàdúrà fún un kí ó tó di ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀. Ìyá a kúnlẹ̀ ní apá kan, baba a dúró ní apá kejì, ọmọ a sì wà láàárín wọn pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. A ó bẹ Ọlọ́run kí ó ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jáde kúrò nínú ilé Ọlọ́run, ìbéèrè kan a máa bá wọn lọ, èyí tí àwọn òbí ti bi wá nígbà púpọ̀: Ó ha tọ́ kí a sọ fún ọmọ nípa àwọn ewu tí ó wà níbi tí ó ń lọ, tàbí kí a dákẹ́ kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú? Ìbéèrè mìíràn sì wà lẹ́yìn èyí tí ó tóbi jù ú lọ: bí ibi bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn alákòóso kéde rẹ̀, nígbà tí ìkéde náà lè ba orúkọ tí a ti fi ọdún púpọ̀ ní jẹ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí ó fẹ́ràn ìdákẹ́, nítorí kì í ṣe òǹrorò ni gbogbo wọn. Orúkọ rere kì í ṣe ohun kékeré. Bí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bá bàjẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fà sẹ́yìn, iṣẹ́ rere tí ó ń ṣe yóò sì dínkù. Ẹ̀rù pẹ̀lú ní ìjàmbá tirẹ̀: ẹni tí ń sáré nínú òkùnkùn a máa ṣubú sínú kòtò tí ẹni tí ń rìn jẹ́jẹ́ yóò rí. Àwọn àgbà sì ti wí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Àwa kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi láìjẹ́wọ́ tiwa. Nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, olè wọ ilé tí àwọn ọmọbìnrin ń sùn lóru. Ó kó ẹrù díẹ̀ lọ, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ pè wá jọ, wọ́n ní kí a pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, nítorí tí ọjọ́ àjọ̀dún ti súnmọ́ tòsí, tí àwọn àlejò pàtàkì sì ń bọ̀. Àwa pa á mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olè náà padà, ó sì wọ ilé kejì. Fèrèsé ni ó tún gbà wọlé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé kejì pé fèrèsé ni olè ń gbà. Lóru ọjọ́ náà ó fi àdá ṣá ọmọ kan lápá. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, kò pariwo, kò sì sọkún. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì bi wá ní ohun kan ṣoṣo: "Tíṣà, ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Àwa kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀ràn yìí ti ń wúwo lọ́kàn wa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà yóò ràn wá lọ́wọ́ láti rí i dáadáa. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1986, a pa Jeanne Clery, ọmọbìnrin ẹni ọdún 19, nínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh, ní ìlú Bethlehem ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ni ó pa á. Ilẹ̀kùn mẹ́ta tí ń ti ara wọn ni ó wà láàárín apànìyàn náà àti ọmọbìnrin yìí, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi nǹkan há wọn kí wọ́n má baà tì. Àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́kọ́ yẹra fún yunifásítì mìíràn, nítorí tí wọ́n gbọ́ pé a pa akẹ́kọ̀ọ́ kan nítòsí ibẹ̀. Lehigh ni wọ́n yàn, nítorí ó jọ ibi àlàáfíà lójú wọn. Lẹ́yìn ikú ọmọ wọn ni wọ́n tó gbọ́ pé ìwà ipá 38 ni ó ti wáyé níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Ibi tí ìròyìn rẹ̀ jáde ni a sá fún. Ibi tí ìròyìn rẹ̀ kò jáde ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó bá sọ òtítọ́ nìkan ni yóò pàdánù, ìdákẹ́ yóò dàbí ọgbọ́n lójú gbogbo alákòóso. Nítorí náà ni àwọn òbí náà ṣe jà fún òfin tí yóò de gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀. Ní ọdún 1990 ni Ààrẹ George H. W. Bush fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1998 ni a sì sọ ọ́ ní orúkọ ọmọbìnrin náà. Òfin yìí pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń gba owó ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ máa tẹ iye ìwà ọ̀daràn ọdún mẹ́ta jáde lọ́dọọdún, kí wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wò, kí wọn sì kìlọ̀ ní àkókò bí ewu kan bá ṣì ń bẹ.

Ní àkókò, ni a wí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2007, ní Yunifásítì Virginia Tech, a yìnbọn pa ènìyàn méjì ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan bí agogo méje kọjá ìṣẹ́jú 15 òwúrọ̀. Wọ́n rò pé ìjà láàárín ẹni méjì ni, àti pé ẹni tí ó ṣe é ti jáde lọ. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 26 ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Kò ju ìṣẹ́jú bíi 15 lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí apànìyàn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì tún pa 30. Ọ̀rọ̀ tí ó dé lẹ́yìn wákàtí méjì lè jẹ́ òtítọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Lójú tiwa, ìròyìn ewu kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ti ẹni tí ewu náà ń bọ̀ wá bá ni. Ẹni tí ó pa á mọ́ ti mú ohun oníhun pamọ́, ó sì ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ láìbi í. Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà ogun, oníbodè tí ó rí eruku ẹsẹ̀ ọ̀tá tí kò sì figbe ta, kò lè wí lọ́jọ́ kejì pé nítorí kí ọjà má baà tú ni òun ṣe dákẹ́. Ìwé Wòlíì Ìsíkíẹ́lì, orí 33, sì kọ́ wa pé olùṣọ́ tí ó rí idà tí kò fọn fèrè ni a ó bèèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọn ọ́n tí a kò gbọ́, ọrùn rẹ̀ mọ́.

Ní ti orúkọ rere, ìwà ni í bí i. Orúkọ tí ó nílò irọ́ kí ó tó lè dúró, ibojì tí a kùn lẹ́fun ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wí fún òbí pé, "Báyìí ni ó ṣẹlẹ̀, ohun tí a sì ti ṣe sí i nìyí," ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́. Èkíní ni igbe èké. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, a kígbe olè mọ́ ọmọkùnrin mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt, àwọn èrò sì pa wọ́n láìṣe ìdájọ́. Igbe tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀mí là ni ó di idà. Nítorí náà, ẹni tí yóò kìlọ̀, kí ó sọ ohun tí a rí, ibi tí a ti rí i, àkókò tí a rí i, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Kí ó má fi àbá ṣe ẹ̀rí, kí ó má sì fi ẹ̀yà tàbí aṣọ ẹni ṣe àmì ọ̀daràn. Lóde òní tí ọ̀rọ̀ ń ti orí fóònù dé ẹgbẹ̀rún etí kí a tó ṣẹ́jú, ìṣọ́ra yìí ṣe pàtàkì jù ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Èkejì ni kí a fi ìkìlọ̀ na ẹni tí ibi ti bá. "Ta ni ó ní kí ó jáde ní alẹ́?" A ti gbọ́ èyí ní ẹnu àwọn tí ń jẹ́ Kristiani. Àtùpà ni ìkìlọ̀, kì í ṣe pàṣán. A tàn án fún ẹni tí ń rìn kí ó lè ríran. Bí a bá dá a lọ́nà síbẹ̀, ẹni tí ó dá a lọ́nà ni ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ rántí ilẹ̀kùn mẹ́ta wọ̀nyẹn. Àwọn tí ó há wọn kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti wọlé ni. Ilẹ̀kùn ilé tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń sùn kì í ṣe ti ẹnì kan. Kéènì ló bèèrè bóyá òun ni olùṣọ́ arákùnrin òun, a sì mọ ibi tí ìbéèrè rẹ̀ yọrí sí. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má dá rìn lóru. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí a bá pè yín sínú ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹ kọ̀, kí ẹ sì wí fún àgbà. Àwọn tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1999, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ ilé ibùgbé tí wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́, mọ̀ pé a kò ń pa àlọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ẹ̀rù di ẹrù ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó lọ láìmọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe bí àwa ti ṣe. Nehemáyà àti àwọn tí ń mọ odi gbàdúrà, wọ́n sì tún fi olùṣọ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Àdúrà wọn kò dá ìṣọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìṣọ́ wọn kò dá àdúrà dúró.

Bí ìyá kan bá tún bi wá bóyá a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí a lè dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, a sì ti sọ ọ́." Àmín.